Atukọ̀ Tó Ń Ka Èrò Lẹ́ẹ̀mejì

Odindi ọ̀sẹ̀ méje ni ìbéèrè kan fi ń bá mi sùn, tó sì ń bá mi jí. Kì í ṣe ìbéèrè tó gùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: "Ta ló sọnù?" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi mí, lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo rò pé ó ti sùn lọ. Ìwé tí mo ti ń kọ láti ọdún mẹ́fà ló ń béèrè nípa rẹ̀. Èmi ni mo dá ẹ̀dá-ìtàn tó wà lẹ́nu rẹ̀, èmi ni mo dá odò tí ẹ̀dá-ìtàn náà ń tukọ̀ lórí rẹ̀, síbẹ̀ mi ò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn.

Láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tẹ ìwé mi àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń béèrè: níbo ni mo ti rí ìtàn náà? Báwo ni mo ṣe ń kọ̀wé? Kí ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣe? Mo ti gbìyànjú láti to ìdáhùn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò bọ́ sí i. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ló gba inú ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi kọjá, nítorí náà ibẹ̀ ni màá ti mú un.

## Odò tí kì í sùn síbi kan

Ìtàn àròsọ abàmì ni mò ń kọ. Nínú ayé tí mo dá, odò kan wà tó máa ń dìde kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀ lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìlú tó ní omi lánàá lè jí bá iyanrìn gbígbẹ, ìlú tí òǹgbẹ fẹ́ pa sì lè jí bá odò lẹ́nu ọ̀nà. Ọba mẹ́ta ń jà láti so odò náà mọ́lẹ̀. Àwọn atukọ̀ kò sí lábẹ́ ọba kankan. Ibi tí odò bá gbà ni àwọn náà ń gbà.

Mo fẹ́ràn ayé náà dénú. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ya máàpù rẹ̀. Mo to ìran ọba mẹ́rìnlá tẹ̀ léra wọn, mo ṣètò oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n ń kà, mo sì dá èdè kan sílẹ̀ fún àwọn ará òkè, pẹ̀lú gírámà tirẹ̀. Ìwé àjákọ mẹ́rin kún. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, orí mẹ́rin péré ni mo kọ nínú ìtàn gan-an.

Mo ní ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú. Ẹni tó bá ń ka irú ìwé yìí mọ̀ pé onímọ̀ èdè ni Tolkien, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, pé àwọn èdè tó dá ti wà kí ìtàn tó wọ inú wọn, àti pé ìwé ńlá rẹ̀, The Lord of the Rings, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1937 kò jáde títí di 1954 àti 1955. Bí ọ̀rẹ́ kan bá béèrè pé ìwé mi ti dé ibo, mo máa ń rántí ọdún wọ̀nyẹn, ọkàn mi a sì balẹ̀. Ohun tí mo gbójú fò ni pé ìwé ìtàn rẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde, The Hobbit, ní 1937 yẹn kan náà, ìtàn tó ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ni. Kí ilé ìtẹ̀wé tó gbà á pàápàá, Rayner Unwin, ọmọ ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé náà, ni wọ́n gbé e fún kó kà á kó sì sọ èrò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Etí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn ti wà nínú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó sì yẹ kí n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí Fágúnwà fi í hàn wá kedere. Ìwé tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938, ọdún kan péré lẹ́yìn ti Tolkien, bó sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé arúgbó kan wá bá ẹnì kan, ó ní kó mú gègé àti ìwé, kó kọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Ṣáájú igbó, ṣáájú iwin, ẹni tó ń sọ àti ẹni tó ń gbọ́ ti jókòó síwájú ara wọn. Mo ti ka ojú ìwé yẹn láìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ mi.

Mo lè sọ ọ́ báyìí láìfi bò: ẹ̀rù ló ń bà mí. Máàpù kò lè kùnà. Kò sẹ́ni tó ń ka ìran ọba mẹ́rìnlá tí yóò sọ pé òun kò gbà á gbọ́. Ìtàn ni èèyàn lè pa dé ní ojú ìwé kẹta.

## Alẹ́ ọjọ́ náà

Nígbà tó yá, mo kọ ìwé náà tán, ọ̀rọ̀ 148,000. Àsìkò yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi lójú. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kàwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé sì ni oúnjẹ rẹ̀. Mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ó ní, "Ka nǹkan fún mi." Mo béèrè pé èwo ni kí n mú nínú àwọn ìwé tó wà lórí pẹpẹ. Ó ní, "Rárá, tìrẹ."

Ìmọ́lẹ̀ ń ta á lójú, aṣọ dúdú ló fi bò ó. Ìyẹn ni pé mi ò lè wo ojú rẹ̀ mọ bí ó bá ń gbádùn ohun tí mò ń kà tàbí kò gbádùn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Bí ó bá ń fetí sílẹ̀, ìka rẹ̀ máa ń rìn létí aṣọ ìbora, bí ẹni tó ń wá ibi tí ó ti ya. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti kúrò níbẹ̀, ìka náà á dúró.

Mo ka orí kìíní, ogun ọba mẹ́ta. Ìka dúró. Mo ka orí kejì, bí odò ṣe kọ́kọ́ dìde, ibi tí mo fi oṣù mẹ́jọ tún ṣe. Ìka rìn díẹ̀, ó tún dúró. Alẹ́ mẹ́ta ni a fi lọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé kò dára, ó kàn ń sọ pé, "O ṣeun, ó tó fún tòní." Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi, tí nǹkan bá wù ú, kì í jẹ́ kí èèyàn simi.

Lálẹ́ kẹrin a dé ibi tí ọmọbìnrin ọba kejì fẹ́ sá kúrò ní ìlú. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi kan lóru, ó fi ìborùn bojú, àwọn èrò mẹ́fà mìíràn sì wà níbẹ̀. Mo ní ìjíròrò gígùn kan tó fẹ́ wáyé nínú ọkọ̀ yẹn, lórí ìtàn ìran rẹ̀, òun ni mò ń kánjú lọ bá. Kí a tó débẹ̀, gbólóhùn kan wà tí mo kọ láti fi gbé ọkọ̀ kúrò létí omi: "Atukọ̀ náà ka àwọn èrò, ó tún wọn kà, ó tó wá ti ọkọ̀ sójú omi." Mo kà á kọjá. Mo ti wọ inú ìjíròrò, mo ti ka tó ìpínrọ̀ méjì, kí ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó dá mi dúró.

"Dúró ná. Ta ló sọnù?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ ti sùn."

"Atukọ̀ yẹn. Èèyàn méje péré ló wà nínú ọkọ̀, kí ló ń kà lẹ́ẹ̀mejì sí? Ẹnì kan ti sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ta ni?"

Mo ṣí ìwé wò bí ẹni pé ìdáhùn lè wà níbẹ̀. Kò sí. Atukọ̀ náà kò ní orúkọ. Gbólóhùn mẹ́ta ló ní nínú gbogbo ìwé náà. Mo sọ fún un pé mi ò tíì mọ̀. Ó yí ojú sí ògiri, aṣọ dúdú náà ṣì wà lójú rẹ̀, ó ní, "Tí o bá mọ̀, wá sọ fún mi. Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́."

## Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo rò ó títí, mi ò rí i. Mo dá ọmọ kan fún atukọ̀ náà, mo ní ó kó sómi. Irọ́ ni, mo mọ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ pé irọ́ ni. Mo dá ìyàwó fún un. Irọ́ náà ni. Ó jọni lójú pé èèyàn lè purọ́ nínú ìtàn tó jẹ́ àròsọ látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ ọ́ rí mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, ó sì máa ń hàn.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, mo dúró ní ibùdókọ̀ kan, mo rí obìnrin kan tó ń kó ọmọ wọ ọkọ̀. Ó fọwọ́ kan orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó jókòó. Ẹsẹ̀ mi kò ràn mọ́ ilẹ̀ mọ́, torí mo mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ bàbá wa ni. Bí bàbá wa ṣe máa ń kà wá nìyẹn nígbàkígbà tí a bá fẹ́ wọ ọkọ̀, a ò sì ju mẹ́rin lọ. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀gbọ́n mi wá sí orí tèmi, yóò tún padà láti orí tèmi lọ sí orí ẹ̀gbọ́n mi. Mo dàgbà bá a ni. Mi ò béèrè ìdí rẹ̀ rí, bí èèyàn kì í ti í béèrè ìdí tí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ fi wà lápá ọ̀tún. Ìgbà tí mo wá ń kọ̀wé, tí mo nílò ohun tí atukọ̀ kan yóò ṣe kí ọkọ̀ tó gbéra, ọwọ́ yẹn ló yọ jáde láìsọ orúkọ ara rẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí Bàbá fi máa ń kà wá lẹ́ẹ̀mejì?"

Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi ni wọ́n gbàgbé."

Ọmọ ọdún márùn-ún ni, wọn ò tíì bí mi. Ìdílé rin ìrìn àjò, ọmọ pọ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó rí ewúrẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lẹ́yìn ògiri kan, ó lọ wò ó. Nígbà tó padà, ọkọ̀ ti lọ. Ó jókòó sórí òkúta títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Bàbá fò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán. "Kò sọ nǹkan kan," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ó kúnlẹ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka mi. Ó kà wọ́n pé, ó tún wọn kà." Bàbá kò mẹ́nu ba ọjọ́ náà títí ó fi di olóògbé. Ó kàn ń kà wá.

Mo béèrè bóyá mo lè fi sínú ìwé. Ó ní, "Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n tètè rí i."

Ìdáhùn mi nìyẹn fún àwọn tó ń béèrè ibi tí mo ti rí ìtàn. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Mo ti lọ wá ayé abàmì nínú ìwé ìtàn ogun, nínú èdè àwọn tó ti parẹ́, nínú ìmọ̀ ìràwọ̀. Mi ò kábàámọ̀ wọn, odò mi ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí èèyàn gba odò tó ń rìn lóru gbọ́ ni ọkùnrin kan tó ń ka orí àwọn tó gbé. Bí ayé tí a dá bá ṣe jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọwọ́ tí a mọ̀. Mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé irú ìtàn báyìí jẹ́ ibi tí à ń sá sí kúrò nínú ayé. Àárín ilé wa ni tèmi gbé mi padà sí, síbi tí mi ò tíì wọ̀ rí.

## Bí mo ṣe ń kọ̀wé nísinsìnyí

Mo tún ìwé náà kọ láti ojú ìwé kìíní. Atukọ̀ ló ni ín báyìí. Àwọn ọba mẹ́ta ti di ariwo tó ń gbọ́ láti etí omi. Ọ̀rọ̀ 300 ni mò ń kọ lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ilé tó jí. Ó dàbí ẹni pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: 1,500 lọ́sẹ̀, 78,000 lọ́dún, ìwé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó nìyẹn. Mo ti gbìyànjú àwọn ọ̀nà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń lé ọ̀rọ̀ 50,000 láàárín oṣù kan, ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ní tèmi, ohun tí mo bá fi eré kọ, eré náà ni mo fi ń pa á rẹ́.

Ohun kan tí mi ò ní fi sílẹ̀ láé ni kíka iṣẹ́ sókè. Mo ń ka orí kọ̀ọ̀kan sínú fóònù, mo sì ń gbọ́ ọ bí mo bá ń rìn. Ibi tí ọkàn mi bá ti kúrò, mo sàmì síbẹ̀. Ojú máa ń ṣàánú ọ̀rọ̀ tí a fi ìyà kọ; etí kì í ṣàánú rẹ̀.

Mo sì ní ìwé àjákọ karùn-ún. Kò sí ọba nínú rẹ̀. Ohun kan tí mo rí ọwọ́ èèyàn ṣe lọ́jọ́ náà ni mò ń kọ síbẹ̀: ẹni tó ká lẹ́tà sí wẹ́wẹ́ kó tó jù ú nù, ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀.

## Ọ̀nà kan ò wọjà

Kí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi tó dé, mo ti fi ìwé àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ sí ibi mẹ́sàn-án. Lẹ́tà tí mo fi bá a lọ ṣàlàyé ọba mẹ́ta àti odò. Mẹ́rin dá mi lóhùn pé rárá, márùn-ún kò dáhùn. Mi ò bínú sí wọn mọ́. Ìwé ọ̀rọ̀ 148,000 láti ọwọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí wúwo jù; púpọ̀ nínú àwọn tó ń gba irú ìtàn yìí ń fẹ́ kí ti ẹni tuntun wà láàárín 90,000 sí 120,000. Èyí tí mo tún kọ parí sí 104,000. Lẹ́tà tuntun mi kò mẹ́nu ba ọba rárá ní ìpínrọ̀ kìíní. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Atukọ̀ kan ń ka èrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí pé lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kà wọ́n." Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ní kí n fi gbogbo ìwé ránṣẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kí n san owó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n yìn mí gan-an, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ san án. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí pẹ́ ló sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé ni owó ń ṣàn wá, kì í ṣàn kúrò níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ilé ìtẹ̀wé. Aṣojú òǹkọ̀wé, ìyẹn ẹni tó ń bá a wá ilé ìtẹ̀wé, náà kì í gba owó ṣáájú bó bá jẹ́ ojúlówó. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá bá ọ pa ni wọ́n sábà máa ń yọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, pàápàá nígbà tí ìyìn bá dùn mọ́ ọn.

Mo rò ó láti tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra mi. Láti 2007 ni Amazon ti ṣí ọ̀nà fún òǹkọ̀wé láti gbé ìwé orí ẹ̀rọ jáde; lónìí, ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn ń gba ìdá 35 tàbí 70 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, bí iye owó tó bá tà á bá ṣe rí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé náà ni yóò wá olóòtú, òun ni yóò wá ayàwòrán èèpo ìwé, òun ni yóò sì kéde rẹ̀. Mo wo ara mi, mo mọ̀ pé máàpù kejìlá ni màá yà dípò gbogbo ìyẹn.

Nígbà tí ìwé àdéhùn dé, mi ò kánjú. Lábẹ́ Àdéhùn Berne, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tó ti wà láti 1886, ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́ láìjẹ́ pé ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Àyè láti lò ó ni òǹkọ̀wé ń fún ilé ìtẹ̀wé. Torí náà mo béèrè èyí tí wọ́n ń gbà àti èyí tó kù fún mi: ìtumọ̀ sí èdè mìíràn, ìwé àgbọ́, fíìmù. Mo béèrè bí ẹ̀tọ́ náà yóò ṣe padà sọ́wọ́ mi bí wọn ò bá tà á mọ́. Wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀ láìbínú, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n fọwọ́ sí i.

## Àmì tó wà létí ìwé

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olóòtú dá iṣẹ́ náà padà. Ó mọṣẹ́. Ó ti sàmì sí ibi tó ju 600 lọ, mo sì gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Ní ojú ìwé kẹrin, ó fa ìlà sábẹ́ "ó tún wọn kà." Ó kọ ọ́ sétí ìwé pé: "Ó ti kà wọ́n tán. Ṣé a lè yọ èyí?"

Mo gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, tí ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ báyìí. Mo fi hàn án. Ó kà á fúnra rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé e bó ti ń kà á. Ó na ọwọ́, ó ní kí n fún òun ní gègé. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, ó dá ìwé náà padà fún mi, bó sì ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe fi ránṣẹ́: "Rárá."